Ta Ni Yóò Jẹ́rìí sí Dókítà Àjèjì?

     

Àwọn tó pè mí wá sí Ìgbòho, ní Òkè-Ògùn, ní kí n sọ bí dókítà tó kàwé ní ilẹ̀ kan ṣe ń di ẹni tó lè fọwọ́ kan aláìsàn ní ilẹ̀ mìíràn. Inú mi dùn pé ọ̀rọ̀ yìí ni wọ́n yàn. Nínú ọ̀pọ̀ agboolé ní Òkè-Ògùn lónìí, ẹ óò bá ọmọ kan tó ń kọ́ iṣẹ́ dókítà tàbí nọ́ọ̀sì, ẹ óò sì bá òbí tó ti ta oko káṣú tàbí màlúù kí owó ilé ẹ̀kọ́ lè pé. Àwọn òbí wọ̀nyí ń gbọ́ PLAB, wọ́n ń gbọ́ USMLE, wọ́n ń gbọ́ IELTS. Owó ni wọ́n sì máa ń ní kí wọ́n mú wá, wọn kì í ṣàlàyé fún wọn.

Ẹ jẹ́ kí n ti sọ èrò ọkàn mi kí n tó wọ inú ọ̀rọ̀. Ìlú tó bá ní òun yóò dán dókítà àjèjì wò kí ó tó gbé aláìsàn lé e lọ́wọ́ kò ṣẹ̀. Ẹ̀tọ́ aláìsàn ni. Àmọ́ ìdánwò bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ bi í léèrè iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ nìkan. Bí ó bá ti ń bi í léèrè àwọ̀ ara tàbí orúkọ bàbá, ó ti yà kúrò lọ́nà. Àti pé aláìsàn Ìgbòho náà ní irú ẹ̀tọ́ yẹn. Lórí èyí ni mo fẹ́ dúró lónìí.

Ọ̀rọ̀ náà ti pẹ́ láàárín wa. Gbogbo ẹni tó bá ka ìtàn ìlú yìí, bí àwọn Aláàfin ṣe kúrò ní Ọ̀yọ́-Ilé tí wọ́n wá tẹ̀dó síhìn-ín, bí Ọ̀rọ̀ǹpọ̀tọ̀ ṣe jọba, bí Abípa ṣe padà sílé, inú ìwé Àlùfáà Samuel Johnson ni ọ̀pọ̀ wa ti kà á. Johnson kú ní 1901, ìwé tó fi ọwọ́ kọ sì ti sọnù sọ́dọ̀ àwọn tó yẹ kó tẹ̀ ẹ́. Àbúrò rẹ̀ ló kó àwọn àjákù àkọsílẹ̀ jọ, tó tún un kọ títí ó fi di ìwé tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1921. Dókítà ni àbúrò náà. Obadiah Johnson ni orúkọ rẹ̀. Ó kàwé ní Lọ́ńdọ̀nù, ó kàwé ní Edinburgh, ó gba oyè MD níbẹ̀ ní 1889, ó sì padà wá ṣiṣẹ́ ní Èkó. Ọwọ́ tó fún àwọn ará Èkó ní oògùn ló to ìtàn Ìgbòho wa sínú ìwé.

Nígbà ayé Obadiah Johnson, kò sí ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn òyìnbó ní ilẹ̀ wa. Ẹni tó bá fẹ́ di dókítà, ọkọ̀ ojú omi ni yóò wọ̀. Nathaniel King lọ ṣáájú rẹ̀. Oguntola Sapara àti Orisadipe Obasa lọ pẹ̀lú. Ìdánwò tí ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe ni àwọn náà ṣe, àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n kan náà ló fọwọ́ sí ìwé wọn. Bí wọ́n ṣe padà délé ni ojú wọn rí nǹkan. Ní 1902 ìjọba amúnisìn dá ẹ̀ka ìṣègùn kan sílẹ̀ fún Nàìjíríà, Góòlù Kóòsì, Sàró àti Gáńbíà. Wọ́n kọ ọ́ sínú òfin rẹ̀ pé ẹni tí òbí rẹ̀ bá jẹ́ òyìnbó nìkan ni yóò wọ̀ ọ́. Àwọn dókítà aláwọ̀ dúdú ní tiwọn lọ́tọ̀: owó oṣù wọn kéré, wọ́n sì wà lábẹ́ òyìnbó, kódà bí òyìnbó náà bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láàárọ̀ ọjọ́ yẹn.

Ẹ wo Sapara. Ìlú ń kú lọ́wọ́ ilẹ̀ gbígbóná nígbà náà. Sapara wọ inú ẹgbẹ́ àwọn tó ń bọ Ṣọ̀pọ̀ná kó lè mọ bí àìsàn náà ṣe ń ràn láti ara ẹnì kan sí èkejì, ó sì gbógun ti àwọn tó ń tàn án kálẹ̀. Dókítà òyìnbó wo ló lè wọ irú ibẹ̀ yẹn? Ọlọ́gbọ́n ènìyàn ni, onígboyà ni, òfin sì sọ pé kò tó ẹni tó ń wọlé gba ẹnu ọ̀nà iwájú. Nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ wa bá ń fapá jánú lónìí pé ìdánwò òyìnbó le jù, mo máa ń sọ Sapara fún wọn. Òun ti yege gbogbo ìdánwò. Ohun tí wọ́n bi í kò sí nínú ìwé kankan.

Ohun mìíràn tẹ̀lé e. Nígbà tí ìjọba wá bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ dókítà ní Yábàá ní àwọn ọdún 1930, ìwé tí wọ́n fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà, Nàìjíríà nìkan ló ń ṣiṣẹ́ fún. Ẹni tó bá gbà á lè wo aláìsàn ní Ìsẹ́yìn tàbí ní Sókótó. Bí ó bá dé Lọ́ńdọ̀nù, kì í ṣe dókítà mọ́. Ìbínú pọ̀ lórí èyí. Ìdí nìyí tí wọ́n fi so Kọ́lẹ́ẹ̀jì Yunifásítì Ìbàdàn mọ́ Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù nígbà tí wọ́n dá a sílẹ̀ ní 1948, kí ìwé ẹ̀rí Ìbàdàn lè jẹ́ ojúlówó níbi gbogbo. Ọsibítù UCH, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1957, ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn náà ti wá ń fojú rí aláìsàn.

Ọ̀pọ̀ nínú yín ti gbọ́ lẹ́nu àwọn bàbá wa pé nígbà kan, ìwé Ìbàdàn lásán tó láti fi gba iṣẹ́ ní Gẹ̀ẹ́sì. Òótọ́ ni. Kí ló wá yí padà? Ní 1975 ìgbìmọ̀ kan tí Alec Merrison ṣe alága rẹ̀ jábọ̀ fún ìjọba Gẹ̀ẹ́sì pé àwọn dókítà kan ń wọlé láti òkèèrè tí ìmọ̀ wọn kò tó ohun tó yẹ. Ọdún yẹn náà ni ìdánwò bẹ̀rẹ̀. TRAB ni wọ́n kọ́kọ́ pè é. Òun ló wá di PLAB tí gbogbo ayé mọ̀ báyìí.

Bí PLAB ṣe rí nìyí. Ìgbìmọ̀ tó ń ṣètò dókítà ní Gẹ̀ẹ́sì, GMC, ló ni ín. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe é yóò kọ́kọ́ fi hàn pé òun gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì: bí ó bá jẹ́ IELTS, máàkì rẹ̀ lápapọ̀ kò gbọ́dọ̀ dín ní 7.5, kò sì gbọ́dọ̀ gba ohun tó dín ní 7 nínú kíkà, kíkọ, sísọ tàbí gbígbọ́. Bí ó bá jẹ́ OET, B ni ní gbogbo ẹ̀ka. Apá kìíní PLAB jẹ́ ìbéèrè 180 láàárín wákàtí mẹ́ta, wọ́n sì lè ṣe é láì kúrò ní Nàìjíríà. Apá kejì, ìlú Manchester nìkan ni. Owó rẹ̀ sún mọ́ ẹgbẹ̀rún kan pọ́ùn, kí a tó sọ ti físà, ọkọ̀ òfuurufú àti ilé tí a óò sùn. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni wọ́n gbà kí ènìyàn jókòó apá kọ̀ọ̀kan.

Mo fẹ́ kí ẹ fi ojú inú wo apá kejì yẹn, nítorí ibẹ̀ ni àwọn ọmọ wa tó mọ̀wé dáadáa ti ń ṣubú. Yàrá mẹ́rìndínlógún ló tò tẹ̀lé ara wọn. O dúró sí ẹnu ọ̀nà ìkíní, wọ́n lẹ bébà kan mọ́ ara rẹ̀. Ìṣẹ́jú kan ààbọ̀ lo fi máa kà á. Ẹ jẹ́ ká sọ pé bébà náà kọ ọ́ pé: obìnrin ẹni ọdún 52, èsì àyẹ̀wò ọmú rẹ̀ ti dé, jẹjẹrẹ ni, bá a sọ̀rọ̀. Agogo dún. O wọlé. Òṣèré ni obìnrin náà, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kò fi hàn. Ìṣẹ́jú mẹ́jọ lo ní. Olùdánwò kan jókòó sí kọ̀rọ̀, kò ní bá ọ sọ nǹkan kan, ó ń kọ̀wé ni.

Dókítà wa tó ti ń wo aláìsàn ọgọ́rùn-ún lóòjọ́ ní ọsibítù ìjọba, kí ni yóò ṣe? Bí wọ́n ṣe kọ́ ọ ní ilé ni yóò ṣe é. Yóò béèrè ọkọ obìnrin náà, tàbí àkọ́bí rẹ̀ ọkùnrin, nítorí lọ́dọ̀ tiwa a kì í la irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ mọ́ aláìsàn lójú. Yóò ní, “Màmá, ẹ fọkàn balẹ̀, kò sí ohun tí Ọlọ́run kò lè ṣe.” Yóò sọ oògùn, yóò sọ iṣẹ́ abẹ, ní kíá, nítorí èrò ṣì wà níta. Gbogbo ohun tó sọ nípa ìṣègùn lè jẹ́ òótọ́ pọ́ńbélé, síbẹ̀ ó ti kùnà yàrá yẹn. Ohun tí wọ́n ń wá ni pé kó jókòó. Kó bi obìnrin náà pé kí ni ó ti mọ̀ nípa àìsàn yìí, ṣé ó fẹ́ kí ẹnì kan wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Kó sọ ọ́ ní gbólóhùn kan tó yéni, kó sì dákẹ́. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn gan-an, máàkì wà nínú rẹ̀. Kó má sọ fún ọkọ tàbí ọmọ láìjẹ́ pé obìnrin náà fọwọ́ sí i, nítorí òfin ibẹ̀ gbà pé aláìsàn ló ni ara rẹ̀, òun ló sì ni ìròyìn ara rẹ̀.

Àwọn kan á ní èyí jẹ́ àṣà wọn, kò kan ìmọ̀ ìṣègùn. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ wo obìnrin Manchester sàn gbọ́dọ̀ mọ bí obìnrin Manchester ṣe ń gbọ́ ọ̀rọ̀, gẹ́gẹ́ bí ẹni tó bá fẹ́ wo ìyá àgbà ní Ìgbòho ṣe gbọ́dọ̀ mọ̀ pé ìyá náà kò ní jẹ́wọ́ àgbo tó mu bí a kò bá kí i tán, ká kí àwọn ọmọ rẹ̀, ká sì fà á mọ́ra. Inú mi ìbá dùn bí a bá ń dán àwọn dókítà wa wò lórí èyí nílé.

Yàtọ̀ sí ìdánwò, ìwé náà yóò bá ọmọ wa fà á kí GMC tó forúkọ rẹ̀ sílẹ̀. GMC kì í gba ìwé ẹ̀rí lọ́wọ́ ẹni tó ni ín kó sì gbà á gbọ́. Iléeṣẹ́ ECFMG ní Amẹ́ríkà ló ń bá wọn wádìí rẹ̀: wọn yóò kọ̀wé sí yunifásítì tó fún un, kí yunifásítì náà fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé àwa la fún un. Wọn yóò tún béèrè lẹ́tà lọ́dọ̀ ìgbìmọ̀ tiwa, MDCN, pé dókítà yìí kò ní ẹ̀sùn lọ́rùn. Bí yunifásítì wa bá fi lẹ́tà yẹn sínú dúróọ̀ fún oṣù mẹ́ta, oṣù mẹ́ta ni ọmọ náà yóò fi jókòó. Orúkọ pàápàá máa ń di wàhálà. Ọmọ kan ń jẹ́ Ọláyínká nínú ìwé ẹ̀rí WAEC, Yinka nínú ìwé ẹ̀rí yunifásítì, ó wá lọ́kọ, ó fi orúkọ ọkọ ṣe páàsípọ́ọ̀tù. Ẹni mẹ́ta ni kọ̀ǹpútà òyìnbó kà á sí. Ẹ̀yin òbí, orúkọ tí ẹ bá fi sínú ìwé ìbí ọmọ, ẹ jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀ nínú gbogbo ìwé rẹ̀, lẹ́tà fún lẹ́tà. Bí nǹkan kékeré ló rí, ó ti da ọ̀pọ̀ ènìyàn dúró ju ìdánwò lọ.

Àwọn tẹ́lọ̀ tó wà níbí mọ irú ìwádìí ìwé ẹ̀rí yìí. Ọmọ tó kọ́ṣẹ́ ní Ṣakí, tó lọ ṣí ṣọ́ọ̀bù ní Ìbàdàn, ẹgbẹ́ tẹ́lọ̀ ibẹ̀ yóò bi í pé ta ni ọ̀gá rẹ, ìwé fírídọ̀ọ̀mù rẹ dà, wọ́n sì lè pe ọ̀gá náà lórí fóònù.

Amẹ́ríkà ní tirẹ̀ gùn ju bẹ́ẹ̀ lọ. USMLE ni ìdánwò wọn. Ìpele kìíní, tó dá lórí ìmọ̀ ìpìlẹ̀, ọjọ́ kan gbáko ni wọ́n fi ń ṣe é. Láti 2022 wọn kò fún un ní máàkì mọ́, o yege tàbí o kùnà ni. Ìpele kejì tẹ̀lé e. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rí ECFMG. Ibi tí ọ̀pọ̀ kò ti mọ̀ nìyí o: gbogbo ìwọ̀nyí kò sọ ọ́ di dókítà ní Amẹ́ríkà. Wọ́n kàn fún ọ láyè láti wá ibi tí o ti máa kọ́ṣẹ́ náà lọ́tun. Ènìyàn yóò kọ̀wé sí ọsibítù rẹpẹtẹ, díẹ̀ nínú wọn yóò pè é fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, òun àti àwọn ọsibítù yóò sì to ara wọn lẹ́sẹẹsẹ bí wọ́n ṣe fẹ́ràn ara wọn. Kọ̀ǹpútà ló ń so wọ́n pọ̀, èsì á sì jáde ní oṣù Kẹta. Bí èsì bá ní o kò rí ibì kankan, ọdún mìíràn nìyẹn. Bí o bá rí, ọdún mẹ́ta ni fún ìṣègùn inú, márùn-ún fún iṣẹ́ abẹ, kódà bí o bá ti jẹ́ ọ̀gá ní ilé.

Ọ̀nà yìí ni Oluyinka Olutoye gbà. Ilé-Ifẹ̀ ló ti kàwé dókítà, ó lọ sí Amẹ́ríkà, ó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ṣẹ́ abẹ láti ìsàlẹ̀. Ní 2016, òun àti dókítà Darrell Cass ṣe iṣẹ́ abẹ ní Texas fún ọmọ tó ṣì wà nínú oyún, tí ìyá rẹ̀ lóyún rẹ̀ bí ọ̀sẹ̀ mẹ́tàlélógún: wọ́n ṣí ilé ọmọ, wọ́n yọ èyí tó pọ̀ jù nínú kókó tó ń fa ẹ̀jẹ̀ ọmọ náà gbẹ, wọ́n dá a padà sínú, wọ́n rán an, ìyá sì tún gbé oyún náà fún bí ọ̀sẹ̀ méjìlá sí i kí wọ́n tó bí ọmọ náà. Ẹni tí Ifẹ̀ kọ́ ni. Mo sọ ọ́ kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ìdánwò òkèèrè fi hàn pé ilé ẹ̀kọ́ wa kò dára.

Mo ní láti sọ èyí tí kò dùn mọ́ni pẹ̀lú, nítorí owó yín ló wà níbẹ̀. Ọ̀nà Gẹ̀ẹ́sì ti há. Àwọn dókítà tó ti yege PLAB apá méjèèjì wà nílé ní Lọ́ńdọ̀nù àti Manchester láìríṣẹ́, ọgọ́rọ̀ọ̀rún ènìyàn ló ń kọ̀wé fún àyè iṣẹ́ kan. Ní oṣù Keje 2025, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kéde nínú ètò ìlera ọlọ́dún mẹ́wàá rẹ̀ pé àwọn tó kàwé ní ilẹ̀ wọn ni yóò máa jẹ́ ẹni àkọ́kọ́ fún àyè ẹ̀kọ́ṣẹ́. Wọ́n lẹ́tọ̀ọ́ sí i. Ilé wọn ni. Ohun tí mo kọ̀ ni pé kí wọ́n ṣì máa gba owó ìdánwò lọ́wọ́ àwọn ọmọ wa láì sọ ọ́ fún wọn ketekete pé yíyege kò túmọ̀ sí iṣẹ́. Ẹni tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì gbọ́dọ̀ sọ bóyá àyè ṣì wà nínú ọkọ̀.

Ẹ jẹ́ ká wálé. Nàìjíríà náà ń dán àwọn dókítà wò. Ọmọ wa tó bá lọ kàwé ní Ukraine, ní Rọ́ṣíà, ní Ṣáínà, ní Sudan tàbí ní Kútọnu tó sì padà wá, kò lè fọwọ́ kan aláìsàn àfi bí ó bá yege ìdánwò MDCN. Lẹ́yìn náà ni yóò ṣe ọdún kan lábẹ́ ojú àwọn ọ̀gá ní ọsibítù, kó tó gba laísẹ́ǹsì kíkún. Ọ̀pọ̀ ń kùnà ìdánwò yìí, ẹkún sì pọ̀. Nígbà tí ogun bẹ́ ní Ukraine ní 2022, tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sá padà wálé tí ilé ẹ̀kọ́ wọn sì ń kọ́ wọn lórí íntánẹ́ẹ̀tì, MDCN kéde pé òun kò ní gba ìwé ẹ̀rí ìṣègùn tí wọ́n bá gbà lọ́nà bẹ́ẹ̀. Mo mọ òbí tó sunkún. Mo bá wọn kẹ́dùn. Síbẹ̀ MDCN ló jàre lójú tèmi, nítorí kò sí bí ènìyàn ṣe lè ti orí fóònù mọ bí ẹ̀dọ̀ tó wú ṣe ń rí lábẹ́ ọwọ́. Ìgbìmọ̀ tí a bú ní ọjọ́ yẹn, aláìsàn Ìgbòho ló dúró fún.

Ní oṣù Kẹrin 2025, Mínísítà ìlera, Ọ̀jọ̀gbọ́n Muhammad Ali Pate, sọ pé ó lé ní 16,000 dókítà tó ti fi Nàìjíríà sílẹ̀ láàárín ọdún márùn-ún sí méje, àti pé ó ń ná wa ju 21,000 dọ́là lọ láti kọ́ dókítà kan. Ní 2023 Ọ̀gbẹ́ni Ganiyu Johnson, ọmọ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin láti Èkó, ti gbé àbá òfin kan wá pé kí dókítà ṣiṣẹ́ ọdún márùn-ún nílé kó tó rí laísẹ́ǹsì kíkún gbà. Àwọn dókítà kọ̀ jálẹ̀, inú mi sì dùn pé wọ́n kọ̀. Ẹ ò lè so dókítà mọ́lẹ̀ bí ewúrẹ́, kẹ́ ẹ sì retí pé kó fi inú dídùn dìde ní òru.

Amẹ́ríkà rí ọgbọ́n mìíràn dá. Àwọn náà ní Òkè-Ògùn tiwọn: àwọn ìlú oko tí dókítà tí wọ́n bí tí wọ́n kọ́ níbẹ̀ kì í fẹ́ gbé. Dókítà àjèjì tó bá fi irú físà kan tí wọ́n ń pè ní J-1 kọ́ṣẹ́, òfin ní kó padà sílé rẹ̀ fún ọdún méjì bí ó bá ti parí. Láti 1994 ni ètò kan ti wà, Conrad 30, tó sọ pé bí ó bá gbà láti ṣiṣẹ́ ọdún mẹ́ta ní ibi tí dókítà ti ṣọ̀wọ́n, wọ́n lè fi ìpadàsílé yẹn jì í, ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sì ní àyè 30 lọ́dọọdún. Ẹ gbọ́ mi dáadáa: ọmọ tí a kọ́ ní Ìbàdàn, tí kò jẹ́ sùn ní Ìgbòho mọ́jú, ó lè wà ní abúlé kan ní Kansas báyìí, tó ń gbẹ̀bí fún ìyàwó àgbẹ̀. Kí ló gbé e débẹ̀?  Wọ́n fún un ní ìwé tó níye lórí. Wọ́n sọ iye ọdún tí yóò lò, wọ́n sì dúró lórí ọ̀rọ̀ wọn.

A ti rí irú rẹ̀ níhìn-ín rí. Àwọn dókítà Bàbtíìsì ti Amẹ́ríkà wá sí Ṣakí, wọ́n sì ń gbé ibẹ̀; àwọn bàbá wa gbé aláìsàn láti Ìgbòho lọ bá wọn. Àwọn náà jẹ́ dókítà àjèjì ní ilẹ̀ tuntun, wọ́n kọ́ èdè wa, wọ́n mọ bí a ṣe ń kí ènìyàn. Ilé wà fún wọn, iná wà, irinṣẹ́ wà, ìjọ tó rán wọn kò gbàgbé wọn. Ní Igbó-Ọrà, Yunifásítì Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ ètò Ìbàràpá ní 1963, láti máa kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn lọ gbé láàárín àwọn ará oko kí wọ́n tó di dókítà. Mo fẹ́ kí ìjọba Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ àti LAUTECH ní Ògbómọ̀ṣọ́ ṣe irú rẹ̀ ní Òkè-Ògùn. Dókítà tó ti sùn ní ìlú kan nígbà tó wà lọ́mọdé nídìí iṣẹ́ kì í bẹ̀rù ibẹ̀ mọ́.

Kí ni tiwa? Mo bẹ ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè, mo bẹ ẹ̀yin ọmọ Ìgbòho tó wà l'Ékòó àti l'ókè òkun. Ẹ kọ́ ilé fún dókítà, kó ní omi, kó ní sólà tó lè gbé fíríìjì. Ẹ jẹ́ kí nọ́ọ̀sì ní ilé tirẹ̀ pẹ̀lú. Nígbà tí dókítà tuntun bá dé, kí ìlú mú un lọ kí ọba, kí wọ́n sọ fún un pé aboyún tó ti ń rọbí láti ìjẹta, tí wọ́n fi ọ̀kadà gbé láti oko, ni yóò bá pàdé, kí ó má bàa rò pé àìbìkítà ni. Kẹ́ ẹ sì bi í ní tiyín: ṣé laísẹ́ǹsì ọdún yìí wà lọ́wọ́ rẹ? MDCN ń sọ ọ́ dọ̀tun lọ́dọọdún, ìwé ni, wọ́n lè lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri. Ìbéèrè yẹn kò sọ yín di ọ̀tá rẹ̀. Àwọn ayédèrú dókítà tó ń fún ènìyàn lábẹ́rẹ́ nínú ṣọ́ọ̀bù oògùn ni yóò máa sá fún un.

Ẹ̀yin òbí tẹ́ ẹ fẹ́ fi ọmọ ránṣẹ́ síta láti lọ kọ́ iṣẹ́ dókítà, ẹ dákun, kẹ́ ẹ tó san kọ́bọ̀, ẹ béèrè lọ́wọ́ MDCN bóyá wọ́n ń gba ìwé ilé ẹ̀kọ́ náà. Ẹ wò ó bóyá orúkọ rẹ̀ wà nínú àkójọ àwọn ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn àgbáyé tó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ sì béèrè bóyá ẹni tó bá jáde níbẹ̀ lè ṣiṣẹ́ dókítà ní orílẹ̀-èdè yẹn fúnra rẹ̀. Bí ilẹ̀ tó kọ́ ọmọ yín bá ní òun kò lè fi aláìsàn òun lé e lọ́wọ́, ẹ mọ ohun tí Nàìjíríà, Gẹ̀ẹ́sì àti Amẹ́ríkà yóò sọ. Ẹ má tẹ̀lé ẹnu àjẹ́ǹtì, bó tilẹ̀ jẹ́ ẹbí yín.

Àwọn dókítà mẹ́ta bá mi wá, wọ́n jókòó sápá ọ̀tún yẹn. Ẹni tó bá ní ọmọ tó ń múra fún PLAB, tàbí tó fẹ́ jókòó ìdánwò MDCN, tàbí tó ní lẹ́tà ìgbaniwọlé kan tí kò dá a lójú, kó mú un lọ bá wọn kó tó kúrò níbí. Wọn kò ní gba owó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.